Jápa fún iṣẹ́: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá owó yín ká a kí ẹ tó fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá: "Wọ́n fún mi níṣẹ́ ní Ìlú Ọba, £42,000 lọ́dún. Ṣé kí n lọ?" Kí ẹni tó ń béèrè tó la ẹnu, ó ti sọ owó náà di náírà nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti rí ₦84 mílíọ̀nù, ó sì ti ń wo ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń wọ́. Pọ́n-ùn ni wọ́n máa san fún yín, pọ́n-ùn náà lẹ máa ná: ilé, ọkọ̀, iná, búrẹ́dì.

Nọ́ńbà méjì ló ń dá ẹjọ́ yìí:

1. Èló ló máa jáde lápò yín kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé?
2. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san gbogbo gbèsè oṣù lọ́hùn-ún, èló ló ń ṣẹ́ kù?

Ẹ fi èkejì pín èkíní. Ohun tí ẹ bá rí ni iye oṣù tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ kí owó tí ẹ fi jáde tó padà sílé. Bí kò bá tó oṣù 12, ẹ tẹ̀síwájú. Bó bá wà láàárín 12 sí 24, ẹ wá ibi tí ẹ lè gé kù. Bó bá kọjá 24, fíísà ọdún mẹ́ta á ti fẹ́ gbó kí ẹ tó rí èrè kankan níbẹ̀.

₦2,000 la fi ka £1 nínú gbogbo àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí kí ìṣirò má baà díjú. Ẹ fi iye ọjọ́ tiyín rọ́pò rẹ̀. Iye owó fíísà tí a lò ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. Wọn kì í pẹ́ yí i, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó.

## Kí ẹ tó mú kálíkúlétọ̀: ṣé iṣẹ́ gidi ni?

Ìṣirò tó péye lórí iṣẹ́ irọ́, òfo ni. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin yìí wò:

- Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àwọn agbanisíṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ, ọ̀fẹ́ sì ni lórí GOV.UK. Ẹ wo orúkọ náà lẹ́tà sí lẹ́tà.
- Owó oṣù gbọ́dọ̀ bófin mu. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, £41,700 lọ́dún ni ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń lo fíísà Skilled Worker, ìyẹn fíísà òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti olùkọ́ ní àtẹ tiwọn, ìdínkù sì wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá ṣe akọ̀wé fún £24,000 ń tan yín.
- Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ńkọ́? Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 kan náà, wọn ò gba òṣìṣẹ́ tuntun láti òkèèrè fún un mọ́. Éjẹ́ǹtì tó bá ṣì ń ta á ní Ìkẹjà tàbí ní Lẹ́kí, ẹ bi í bó ṣe máa rí fíísà rẹ̀ gbà.
- A kì í ra CoS (Certificate of Sponsorship), ìyẹn ìwé ìgbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ ń fún yín láti fi gba fíísà. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀, òfin kò sì gbà á láyè láti gbà á padà lọ́wọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú mílíọ̀nù wá fún CoS, ìṣirò ti parí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, kí ìdáhùn sì wà nínú ìwé, torí ìlérí orí fóònù kì í wọ ìṣirò. Ọdún mélòó ni CoS? Ṣé wọ́n máa dúró fún yín lórí owó ìgbọ́bùkátà? Èló ni wọ́n máa fi ṣèrànwọ́, àti pé bí ẹ bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, èló lẹ máa dá padà? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí lọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì máa ń so èèyàn mọ́ iṣẹ́ tí kò dára.

## Ìgbésẹ̀ 1: owó tó máa jáde kí owó oṣù tó wọlé

Owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. £1,035 ni lọ́dún fún àgbà, £776 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbà á fún gbogbo ọdún fíísà, kí ẹ tó kúrò l'Ékòó. Ìdí nìyí tí ọdún CoS fi ṣe pàtàkì:

- CoS ọdún 3, ẹnì kan: IHS £3,105 + fíísà £769 = £3,874
- CoS ọdún 5, ẹnì kan: IHS £5,175 + fíísà £1,519 = £6,694

Bí owó bá há, ẹ ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe é ní ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣì máa san ìyókù lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, pọ́n-ùn ló ń wọlé fún yín. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ mìíràn tó bá yẹ fún fíísà ìlera kì í san IHS rárá, £304 péré sì ni fíísà wọn fún ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì LUTH àti ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Yábà má ṣe lo ìṣirò ara wọn.

Èyí ni àpẹẹrẹ fún ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, tó máa gba yàrá kan nínú ilé alájọgbé:

1. Fíísà àti IHS, ọdún 3: £3,874
2. Àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí àti pásípọ́ọ̀tù: £400
3. Tíkẹ́ẹ̀tì: £700
4. Ibùwọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó rí yàrá: £500
5. Owó yàrá oṣù àkọ́kọ́: £700
6. Kọ́ṣọ̀n: £808
7. Oúnjẹ àti ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: £600
8. Aṣọ òtútù, ìbora, ìkòkò: £300

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £7,882. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, ó di £8,670. Ní náírà, ó lé ní ₦17 mílíọ̀nù.

Àlàyé díẹ̀ lórí àwọn tó máa ń fa àṣìṣe:

Nọ́ńbà 1. Káàdì ni wọ́n fi ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n sì ń fi ṣẹ́ owó máa ń ga díẹ̀ ju ti ọjà lọ. Ẹ fi 5% kún un. Káàdì náírà kì í sábà gbé owó tó tó báyìí, nítorí náà ẹ lo káàdì àkántì dọ́là, kí ẹ sì bi báǹkì bí òpin owó tí ó lè jáde lóòjọ́ ti rí kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Bí wọn ò bá fún yín ní fíísà, IHS á padà. Owó fíísà fúnra rẹ̀ kì í padà.

Nọ́ńbà 2. Ilé ìwòsàn IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní Ìkẹjà ni àwọn ará Èkó ti ń ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife fún Ìlú Ọba. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sáré ṣe é kí CoS tó jáde, kí ẹ má baà ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Pásípọ́ọ̀tù olójú ìwé 32 ti di ₦100,000 láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ti olójú ìwé 64 sì di ₦200,000. Bí tiyín bá ti fẹ́ gbó, ẹ lọ sí Ìkòyí, Alausa tàbí FESTAC ní tètè. Ẹ má jẹ́ kí aṣojú ẹnu ọ̀nà sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Nọ́ńbà 6. Ní Ẹ́ńgílándì, òfin ní kọ́ṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ kọjá owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000. Kò sí "àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n" bí ti Surulere. Òfin kan náà ka owó éjẹ́ǹtì lórí ayálégbé léèwọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó sílẹ̀ láti Èkó fún yàrá tí ẹ kò tíì rí, ẹ má san án. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sọnù.

Nọ́ńbà 7. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Torí pé ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó, ilé-iṣẹ́ sì máa ń ti ìwé owó oṣù láàárín oṣù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 18, owó yín lè di ìparí oṣù tó tẹ̀lé e. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń tì í, kí ẹ sì yan ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Gàrí, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ lè dín owó oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́ kù. Ẹ fi ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti wàrà sílé. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Nọ́ńbà 8. Jákẹ́ẹ̀tì kan láti Katangua tàbí Yábà tó láti fi balẹ̀. Ẹ má fi owó púpọ̀ ra aṣọ òtútù ní Balógun; èyí tó bá ojú ọjọ́ ibẹ̀ mu wà lọ́hùn-ún, ó sì máa ń dín owó ní ilé ìtajà aláàánú.

## Owó ọjọ́ 28: kì í ṣe owó ìnáwó

Bí agbanisíṣẹ́ kò bá fọwọ́ sí i lórí CoS pé òun á gbọ́ bùkátà yín, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé £1,270 wà ní àkántì yín fún ọjọ́ 28 gbáko. £285 ni fún ọkọ tàbí ìyàwó, £315 fún ọmọ àkọ́kọ́, £200 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì, £2,070.

Ibi tó ti ń bàjẹ́:

- Owó náà fi ọjọ́ kan ṣoṣo lọ sílẹ̀. Ẹ rà kírédítì fóònù, ó kù díẹ̀ kó pé, ìwé di ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ fi í sí àkántì tí ẹ kì í lò.
- Náírà ni owó náà, náírà sì já láàárín ọjọ́ 28. Iye ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ fi 15% ó kéré tán lé e.
- Sítétímẹ́ǹtì ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú ọjọ́ 28 náà kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀.
- Sítétímẹ́ǹtì ayédèrú. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú rẹ̀ lè di ẹni tí wọn kò ní fún ní fíísà fún ọdún 10.

## Ìgbésẹ̀ 2: ohun tó ń ṣẹ́ kù lóṣooṣù

£42,000 kì í wọ ọwọ́. £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún ni wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Lórí ìyókù títí dé £50,270, owó orí jẹ́ 20%, National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba, sì jẹ́ 8%. Owó ìfẹ̀yìntì tún wà. Nínú £3,500 lóṣù, nǹkan bí £2,690 ló ń wọ àkántì. Ní oṣù àkọ́kọ́, ó lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi yín sórí kóòdù owó orí pàjáwìrì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ tuntun ní pípé, owó tó bá lé á padà.

Ẹnì kan nínú yàrá alájọgbé, níta Lọ́ńdọ̀nù:

- Yàrá, iná àti omi wà nínú rẹ̀: £700
- Oúnjẹ: £250
- Ọkọ̀: £120
- Fóònù: £20
- Ohun kéékèèké: £150
- Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé fún àwọn òbí àti àbúrò: £250

Èyí jẹ́ £1,490. £1,200 ló kù. Ẹ yọ £111 lóṣù sílẹ̀ fún àtúnṣe fíísà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó di £1,089. Ẹ fi pín £8,670: oṣù mẹ́jọ. Ìpinnu yìí dáa.

Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé yẹn, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ẹni tó ti ń fún màmá rẹ̀ ní ₦50,000 láti Ṣómólú kò ní lè fún un ní iye yẹn mọ́ ní kété tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti dé òkè òkun. Ẹ sọ iye kan pàtó fún ìdílé kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá ń san ìdá mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀; £269 lóṣù ni nínú àpẹẹrẹ yìí, ó sì sọ oṣù mẹ́jọ di bí mọ́kànlá.

## Bí ìdílé bá ń lọ pọ̀

Ẹ fi owó oṣù kan náà, £2,690, gbọ́ bùkátà tọkọtaya àti ọmọ méjì nígbà tí ẹnì kejì kò tíì ríṣẹ́: ilé £1,300, owó káńsù (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà) £150, iná àti gáàsì £150, omi £40, oúnjẹ £600, ọkọ̀ £250, fóònù £40, ìyókù £200. Ó jẹ́ £2,730. Ẹ ti jẹ gbèsè £40 kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ilé-ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí fíísà yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ọmọ tàbí owó ìrànwọ́ ilé.

Kí wọ́n tó débẹ̀ ńkọ́? IHS ẹni mẹ́rin fún ọdún mẹ́ta jẹ́ £10,866, fíísà mẹ́rin £3,076. £13,942, èyí tó sún mọ́ ₦28 mílíọ̀nù, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Bí ẹ bá kó tíkẹ́ẹ̀tì, kọ́ṣọ̀n, ibùwọ̀ àti oúnjẹ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ọkàn sí £24,000.

Ọ̀nà tó rọrùn jù: kí ẹnì kan lọ ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún kan. Fíísà wọn máa parí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tẹni tó ṣáájú, nítorí náà ọdún méjì tó kù nìkan ni wọ́n máa san IHS fún. Ìyẹn dín £2,587 kù fún ìyàwó àti ọmọ méjì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún á ti mọ ibi tí ilé wà, á sì ti mọ irú iṣẹ́ tí ẹnì kejì lè rí. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó kò lè fara da ọdún kan yẹn, ìyẹn náà ìṣirò ni, kálíkúlétọ̀ kò kàn ní í sọ ọ́.

## Ẹ wo Èkó pẹ̀lú ojú kan náà

Kí ni ń ṣẹ́ kù fún yín níbí? Ẹ kọ owó oṣù, owó ṣọ́ọ̀bù POS, owó ilé tí ayálégbé ń san, iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé. Ẹ yọ ohun tí ẹ ń ná. Bí ₦600,000 bá ń ṣẹ́ kù lóṣù, ìyẹn £300. Èrè lílọ jẹ́ £1,089 tí a yọ £300 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn £789. Oṣù mẹ́jọ di oṣù mọ́kànlá. Ẹni tí nǹkan kan kì í ṣẹ́ kù fún l'Ékòó kò ní ohun tó ń pàdánù nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó ní òwò tó ń rìn ní Aláàbà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ta ni máa dúró tì í.

## Bí owó kò bá pé: ibi tí ẹ lè yá a àti ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dé

Kọ́pùrétìfù ibi iṣẹ́ ló dáa jù. Èlé rẹ̀ máa ń kéré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn onígbọ̀wọ́ yín. Bí ẹ bá lọ láìsan án, owó oṣù wọn ni wọ́n á máa gé. Ẹ fi àṣẹ sílẹ̀ ní báǹkì kí wọ́n máa san án lóṣooṣù kí ẹ tó lọ.

Àjọ dáa bí ẹ bá kó tiyín ní ìparí. Bí ẹ bá kó o níbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣì jẹ ìyókù, ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ìnáwó oṣù.

Báǹkì ń gba èlé tó sún mọ́ 30% lọ́dún tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀, látìgbà tí CBN ti gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024. Ẹ yá ohun tí ẹ lè san tán láàárín oṣù mẹ́fà nìkan. Gbèsè náírà sàn fún ẹni tó ń gba pọ́n-ùn ju gbèsè pọ́n-ùn lọ. Bí náírà bá já, ó fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i.

Lóònù orí fóònù: rárá.

Bó bá ṣì kù, ẹ lè bẹ agbanisíṣẹ́ pé kó san IHS kó sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù, tàbí kó sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú oṣù méjì. Ọ̀pọ̀ ò béèrè torí ojú ń tì wọ́n.

## Bí kì í bá ṣe Ìlú Ọba

Jámánì: fíísà kò wọ́n tó ti Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n owó orí àti adójútòfò ìlera lè gba ìdá 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ àpọ́n. Kọ́ṣọ̀n lè dé owó ilé oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní ìdáná. Ẹ ní láti ra ti ara yín.

Dubai: kò sí owó orí lórí owó oṣù, òfin sì ní agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ san owó ìgbàsíṣẹ́ àti fíísà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n sábà fi ń san owó ilé, ti oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti Èkó gẹ́lẹ́, ilé-ìwé ọmọ sì ń gba owó gidi.

Kánádà: ní British Columbia, ìlera ìjọba kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé, ìyókù oṣù yẹn àti oṣù méjì tó tẹ̀lé e lẹ fi ń dúró. Ẹ fi owó adójútòfò ìlera àdáni sínú ìṣirò.

## Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

1. Ẹ dán ìṣirò yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú náírà tó já 20% àti owó ilé tó ga 15%. Bó bá ṣì dúró, ẹ lọ.
2. Ẹ san IHS àti fíísà. Ẹ ya ìwé ẹ̀rí ìsanwó sí àyè mẹ́ta.
3. Ẹ dúró de ìdáhùn. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má ta mọ́tò, ẹ má sọ fún láńdọ́ọ̀dù.
4. Bí fíísà bá jáde: ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ọjọ́ kan náà.
5. Bí owó ilé yín bá fẹ́ pé ọdún, ẹ bẹ láńdọ́ọ̀dù kó gbà á ní oṣooṣù. Ẹ béèrè kọ́ṣọ̀n Èkó yín padà kí ẹ tó kó ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.
6. Ẹ ta mọ́tò. Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Oníbàárà ní Berger tó bá gbọ́ pé ọ̀túnla lẹ ń lọ, ìdajì ló máa fún yín.
7. Ẹ ra pọ́n-ùn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, nípasẹ̀ báǹkì. Ẹni tó ń kó owó nínú àpò rìn ní Allen ń wá wàhálà.
8. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn.